Módẹ́ẹ̀lì èdè kì í rìn: ìdáhùn fún olùkọ́ tó fẹ́ kí róbọ́ọ̀tì gbọ́ Yorùbá

Ìbéèrè: "Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni mí ní Ìlọrin. Mo ní àwọn ọ̀dọ́ kan tí a jọ ń pàdé lọ́jọ́ Sátidé láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù. Wọ́n rí fídíò róbọ́ọ̀tì onírìísí ènìyàn tó ń dá èèyàn lóhùn, tó sì ń gbé nǹkan fúnni. Wọ́n tún gbọ́ nípa Omeife, róbọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣe ní Abuja tó ń sọ Yorùbá. Ni wọ́n bá ń bi mí bóyá àwa náà lè ṣe irú ẹ̀, nígbà tí módẹ́ẹ̀lì èdè ọ̀fẹ́ wà, tí sọ́fútúwià róbọ́ọ̀tì náà sì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Tí a bá rówó ra róbọ́ọ̀tì kan, ṣé a lè gbé módẹ́ẹ̀lì sí i lórí kó máa ṣe ohun tí a bá ní kó ṣe, ní Yorùbá, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì? Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?"

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, Olùkọ́. Ó ṣeé ṣe, ẹ kò sì ní láti ra róbọ́ọ̀tì kankan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ níbi tí ẹ ti sọ pé kí ẹ gbé módẹ́ẹ̀lì sí i lórí kó máa ṣe ohun tí ẹ bá wí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Módẹ́ẹ̀lì èdè kì í rìn, kì í sì í gbé nǹkan. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó ka ọ̀rọ̀, kó sì kọ ọ̀rọ̀. Kí ọ̀rọ̀ tó kọ tó di ìgbésẹ̀, nǹkan mìíràn gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì ṣe é. Orí nǹkan tó wà láàárín yìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yín máa wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìyára. Róbọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ méjì kò dà bí èyí tó ní táyà. Kó tó lè dúró lásán láì ṣubú, àwọn oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gba àtúnṣe ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Módẹ́ẹ̀lì èdè ní tirẹ̀ ń kọ ọ̀rọ̀ ní ẹyọ-ẹyọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo lè gba ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá lórí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára. Kó tó kọ "mo ti ń yẹ̀ o" tán, róbọ́ọ̀tì ti forí gbálẹ̀.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó lówó lọ́wọ́ pàápàá pín iṣẹ́ náà sí méjì ni. Ní oṣù Kejì 2025, ilé-iṣẹ́ Figure ní Amẹ́ríkà fi Helix, ọpọlọ tó ń darí róbọ́ọ̀tì wọn, hàn. Apá kan rẹ̀ jẹ́ módẹ́ẹ̀lì tó mọ àwòrán àti èdè, tó ní páràmítà (àwọn nọ́ńbà inú módẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀kọ́ ń tún ṣe) bílíọ̀nù 7, ìgbà 7 sí 9 péré ló sì ń ronú ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Apá kejì kéré gan-an, páràmítà mílíọ̀nù 80 ni, òun ló ń sọ ohun tí ọwọ́, ìka àti orí máa ṣe, ní ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan náà. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni NVIDIA gbé GR00T N1 jáde, módẹ́ẹ̀lì róbọ́ọ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè dáńlóòdù. Bákan náà ni wọ́n pín in: apá tó ń wòye ń ṣiṣẹ́ ní ìgbà 10, apá tó ń darí ara ń ṣiṣẹ́ ní ìgbà 120. Ẹ fi wé kọ̀ńdọ́ àti dẹ́rẹ́bà. Kọ̀ńdọ́ ló ń bá èrò sọ̀rọ̀, òun ló mọ ẹni tó fẹ́ sọ̀ ní Post Office àti ẹni tó ń lọ Tanke, òun ló ń pariwo "ó wà o!" Síbẹ̀, kì í fọwọ́ kan sítíárìn.

Ta wá ni dẹ́rẹ́bà? Ní ti ẹsẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ módẹ́ẹ̀lì kékeré mìíràn tí kò gbọ́ èdè kankan. Inú sọ́fútúwià àfarawé ni wọ́n ti ń tọ́ ọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dà róbọ́ọ̀tì náà yóò máa rìn, wọn yóò máa ṣubú, wọn yóò tún máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú kọ̀ǹpútà. Èyí tó bá rìn dáadáa gba máàkì, èyí tó bá ṣubú pàdánù rẹ̀. Ìgbà tó bá ti mọ́ ọn lára ni wọ́n máa ń gbé e sínú róbọ́ọ̀tì gidi. Unitree, ilé-iṣẹ́ Ṣáínà tó ń ṣe róbọ́ọ̀tì G1, ti tú kóòdù irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ síta sórí GitHub, àwọn ọmọ yín sì lè kà á. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní láti tún un ṣe, torí G1 ti mọ ìrìn kó tó kúrò nínú páálí. Nọ́ńbà mẹ́ta ni kóòdù yín máa fi ránṣẹ́ sí i: bó ṣe máa yára síwájú, bó ṣe máa sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, bó ṣe máa yípo. Lójú módẹ́ẹ̀lì èdè, gbogbo wàhálà ìrìn ti di iṣẹ́ kan tó lórúkọ.

Orúkọ iṣẹ́ yẹn ni kí ẹ dì mú. Àpẹẹrẹ tó la ọ̀rọ̀ yìí yé èèyàn jù lọ, lójú tèmi, ni SayCan, tí àwọn olùwádìí Google àti Everyday Robots ṣe ní 2022. Róbọ́ọ̀tì tí wọ́n lò kò ní ẹsẹ̀. Táyà ló fi ń rìn, ọwọ́ kan ṣoṣo ló sì ní. Ẹnì kan sọ pé òun da ohun mímu sílẹ̀, ṣé wọ́n lè ran òun lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí lọ àwọn módẹ́ẹ̀lì èdè lásán, ọ̀kan dáhùn pé kí ẹni náà gbìyànjú ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí. Òmíràn tiẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ọ́mọ̀ dà á. Kò sí èyí tó burú nínú ìdáhùn méjèèjì tó bá jẹ́ pé ìtàkúrọ̀sọ là ń ṣe, àmọ́ ilẹ̀ ṣì tutù síbẹ̀.

Ohun tí àwọn olùwádìí náà ṣe ni pé wọn kò jẹ́ kí módẹ́ẹ̀lì sọ ohun tó wù ú. Wọ́n kọ orúkọ àwọn iṣẹ́ tí róbọ́ọ̀tì ti mọ̀ sílẹ̀: wá kànìnkànìn, mú kànìnkànìn, gbé e lọ bá ẹni náà, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, módẹ́ẹ̀lì èdè yóò fi nọ́ńbà sọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe bá ọ̀rọ̀ ẹni náà mu tó. Apá mìíràn, tó ń wo ohun tí kámẹ́rà rí, yóò fi nọ́ńbà tirẹ̀ sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó níbi tí róbọ́ọ̀tì dúró sí lákòókò yẹn. Wọ́n á fi nọ́ńbà kan sọ ìkejì di púpọ̀, iṣẹ́ tó bá ní èsì tó ga jù ni róbọ́ọ̀tì á ṣe, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún yan èyí tó kàn. Bí kànìnkànìn kò bá sí nítòsí, nọ́ńbà "mú kànìnkànìn" á lọ sílẹ̀, "wá kànìnkànìn" á sì borí. Nínú iṣẹ́ 101 tí wọ́n fi dán an wò, ó yan ìgbésẹ̀ tó tọ́ ní ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ṣe é dé òpin ní ìdá 74. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín méjèèjì. Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ọwọ́ ni kò ṣe é. Ilé-iṣẹ́ ńlá nìyẹn o. Lọ́dọ̀ yín, kí ẹ retí pé àlàfo náà á fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ọmọ yín lè jiyàn pé GPT-4, módẹ́ẹ̀lì èdè ti OpenAI, ti darí gbogbo ara róbọ́ọ̀tì rí. Wọn kò parọ́. Ní Yunifásítì Tokyo, ní ìparí 2023, àwọn olùwádìí so ó mọ́ Alter3, róbọ́ọ̀tì onírìísí ènìyàn kan tó ní oríkèé 43, tó jẹ́ pé agbára afẹ́fẹ́ ló ń mú ara rẹ̀ mì. Tí wọ́n bá ní kó ṣe bí ẹni tó ń fi fóònù ya ara rẹ̀ ní fọ́tò, GPT-4 á kọ́kọ́ kọ ìṣesí náà ní ìlà bíi mẹ́wàá: bí ojú ṣe máa rí, bí ọwọ́ ṣe máa gòkè, bí orí ṣe máa tẹ̀. Lẹ́yìn náà á sọ ìlà kọ̀ọ̀kan di kóòdù Python tó ń lọ tààrà sí àwọn oríkèé. Wọn kò fún un ní ẹ̀kọ́ àkànṣe kankan. Bí ẹnì kan bá ní kó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ sí i, á tún kóòdù náà ṣe, wọ́n á sì tọ́jú àtúnṣe yẹn fún ìgbà mìíràn. Iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi nínú gan-an ni. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ara Alter3 so mọ́ ibi tó dúró sí, kì í rìn, kò sì sí ife omi lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá fi ìwọ̀n díẹ̀ yà kúrò níbi tó yẹ, ẹni tó ń wò ó kò ní mọ̀. Ìfaraṣàpèjúwe ń gba àṣìṣe mọ́ra. Gbígbé ife kì í gbà á.

Ẹ̀yin náà lè rí irú èyí ṣe lówó pọ́ọ́kú. Láti 2012 ni Gaël Langevin, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń gbẹ́ ère, ti ń tú àwòrán InMoov síta lọ́fẹ̀ẹ́. Róbọ́ọ̀tì tó tó ènìyàn gidi ni, tí èèyàn lè fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D tẹ̀ ní ẹ̀ya-ẹ̀ya. Orí àti ọwọ́ kan péré tó fún ọ̀dọ́ mẹ́wàá láti fi kọ́ṣẹ́ fún gbogbo sáà ẹ̀kọ́ kan.

Ọ̀nà kẹta wà tí n kò ní pẹ́ lé lórí: módẹ́ẹ̀lì tó ń wo àwòrán, tó ń ka àṣẹ, tó sì ń tú ìgbésẹ̀ ọwọ́ jáde fúnra rẹ̀. RT-2 ti Google ní 2023 ló jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2024 ni OpenVLA jáde, tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, tó ní páràmítà bílíọ̀nù 7, tí wọ́n sì fi àpẹẹrẹ iṣẹ́ róbọ́ọ̀tì bíi 970,000 kọ́. Hugging Face gbé SmolVLA jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, páràmítà mílíọ̀nù 450 péré ló ní, àpẹẹrẹ tí àwọn èèyàn lásán kó jọ sí LeRobot, ibi tí Hugging Face ń kó irin-iṣẹ́ róbọ́ọ̀tì ọ̀fẹ́ jọ sí, ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ róbọ́ọ̀tì tí wọ́n gbé sórí tábìlì ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn mọ̀ ọ́n darí, wọ́n sì ń retí kí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe iṣẹ́ kan ní àṣetúnṣe kí wọ́n tó gbà á. Ẹ lò ó láti fi ṣe iṣẹ́ kan nínú àkọsílẹ̀ orúkọ iṣẹ́ yín, irú èyí tí SayCan lò, "mú ike" fún àpẹẹrẹ. Ẹ má fi rọ́pò àkọsílẹ̀ náà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kọ́ nǹkan. ROS 2, sọ́fútúwià ọ̀fẹ́ tó ń so àwọn ẹ̀yà róbọ́ọ̀tì pọ̀, ni ìpìlẹ̀. Orúkọ ROS ti wà láti 2007, nígbà tí Willow Garage bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní California, ṣùgbọ́n ìtọ́jú ROS àkọ́kọ́ ti parí ní oṣù Karùn-ún 2025, torí náà kí ẹ fò ó, bí fídíò ìkọ́ni rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ lórí YouTube. Ẹ̀dà ROS 2 tó ń jẹ́ Jazzy ń ṣiṣẹ́ lórí Ubuntu 24.04, wọn yóò sì máa tọ́jú rẹ̀ títí di 2029. Nínú ROS, kóòdù kọ̀ọ̀kan ń dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe, wọ́n á sì máa ránṣẹ́ síra wọn. Kámẹ́rà ní tirẹ̀, ẹsẹ̀ ní tirẹ̀, ọwọ́ ní tirẹ̀. Irú iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní action, òun ni kí ẹ fi kọ gbogbo iṣẹ́ inú àkọsílẹ̀ yín. Ó ń gba ohun tí ẹ fẹ́, ó ń jábọ̀ bó ṣe ń lọ sí, ẹ sì lè pa á tì ní àárín méjì. Ẹ má fojú kéré pípa á tì yẹn. Ọjọ́ tí ọmọdé bá sáré kọjá níwájú róbọ́ọ̀tì lẹ máa mọyì rẹ̀.

Kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ má ju mẹ́fà lọ. Ká ní wọ́n jẹ́ lo_si, wa, mu, fun, soro àti duro. Ẹ fún módẹ́ẹ̀lì ní orúkọ wọn, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, àti orúkọ àwọn ibi tó wà nínú yàrá náà. Bí ẹnì kan bá wá sọ pé "Òùngbẹ ń gbẹ màmá, ike omi wọn wà lórí tábìlì," ohun tí ẹ ń retí kó kọ ni:

lo_si(tabili)
wa(ike_omi)
mu(ike_omi)
lo_si(mama)
fun(ike_omi)

Kó má kọ ohunkóhun mìíràn, kó má kí yín, kó má ṣàlàyé. Llama.cpp, sọ́fútúwià ọ̀fẹ́ tó ń gbé módẹ́ẹ̀lì èdè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ní ọ̀nà tí ẹ lè gbà fi gírámà (òfin bí ọ̀rọ̀ ṣe máa tò) ká módẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ kò, débi pé kò ní lè kọ ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ yín rárá. Ẹ lò ó. Bíbẹ módẹ́ẹ̀lì pé kó jọ̀wọ́ má ṣàṣejù kò tó ìdènà.

Láàárín ìlà márùn-ún yẹn àti róbọ́ọ̀tì, ẹ fi aṣọ́nà kan sí. Kóòdù lásán ni aṣọ́nà yìí, kò gbọdọ̀ jẹ́ módẹ́ẹ̀lì èdè. Á wò bóyá "tabili" wà lórí máàpù, bóyá ọwọ́ ṣófo kó tó mú nǹkan, bóyá ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn jù, bóyá ìyára kò kọjá èyí tí ẹ fọwọ́ sí. Bí ohun kan bá kù, á dá iṣẹ́ náà padà, á sì sọ ìdí rẹ̀ fún módẹ́ẹ̀lì ní gbólóhùn kan: "mu(ike_omi) kùnà, n kò rí ike lórí tábìlì." Módẹ́ẹ̀lì á wá tún ètò ṣe tàbí kó bi ẹni náà léèrè. Ìjábọ̀ yìí ni àwọn ọ̀dọ́ sábà máa ń gbójú fò, torí kò hàn nínú fídíò. Láìsí i, módẹ́ẹ̀lì á gbà pé gbogbo nǹkan ti yọrí, á fi ohùn tó dùn sọ fún màmá pé omi ti dé, nígbà tí ike wà nílẹ̀. Tí wọ́n bá fún mi ní owó láti fi ra kọ̀ǹpútà tó lè gbé módẹ́ẹ̀lì tó tóbi sí i, tàbí oṣù kan láti fi tún aṣọ́nà kọ, oṣù kan ni màá mú. NASA ní iṣẹ́ kan tó ṣí sílẹ̀, ROSA, tí ilé-iṣẹ́ JPL wọn ṣe láti so módẹ́ẹ̀lì èdè mọ́ ROS. Ẹ ka kóòdù rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ, ẹ ó rí i bí ọ̀pọ̀ nǹkan tí mo ń sọ yìí ṣe rí lójú kóòdù.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá wá kàn. Kí róbọ́ọ̀tì sọ Yorùbá, kó gbọ́ Yorùbá, kó sì ṣe ohun tó gbọ́, iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èyí àkọ́kọ́ ni Omeife fi gbajúmọ̀, òun ló sì rọrùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbígbọ́ ló le. Whisper, módẹ́ẹ̀lì tó ń sọ ohùn di ọ̀rọ̀ kíkọ, tí OpenAI tú síta lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2022, ní Yorùbá nínú àwọn èdè rẹ̀, àmọ́ Yorùbá tí wọ́n fi kọ́ ọ kò tó nǹkan, èsì rẹ̀ sì fi hàn bẹ́ẹ̀: á so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, á já àmì ohùn jù nù, nígbà mìíràn á kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Meta náà gbé MMS jáde ní 2023 fún èdè tó lé ní 1,100, Yorùbá sì wà níbẹ̀. Ẹ dán méjèèjì wò pẹ̀lú ohùn àwọn ọmọ yín gan-an, kí jẹnẹrétọ̀ máa dún níta bó ṣe máa ń dún.

Ohun tó máa gbà yín ni pé ẹ kò nílò kí ó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìṣì. Iṣẹ́ mẹ́fà lẹ ní, nǹkan díẹ̀ ló wà nínú yàrá. Bó bá gbọ́ ohun tó jọ "ike" àti ohun tó jọ "tábìlì", ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Kí ó wá bèèrè kó tó gbẹ́sẹ̀: "Ṣé ike omi orí tábìlì ni kí n mú wá?" Ìbéèrè kékeré yìí ń yọ èèyàn nínú àṣìṣe ju kí ẹ pààrọ̀ módẹ́ẹ̀lì lọ. Nínú ohun tí ẹ ń kọ fún módẹ́ẹ̀lì èdè, ẹ fi bíi ogún gbólóhùn Yorùbá pẹ̀lú ètò tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn módẹ́ẹ̀lì kékeré tó ṣí sílẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, wọ́n sì ń gé ọ̀rọ̀ wa sí wẹ́wẹ́ ju bí wọ́n ṣe ń gé ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, èyí tó ń mú kí wọ́n falẹ̀. Àpẹẹrẹ ń ràn wọ́n lọ́wọ́ gan-an.

Nǹkan kan tún wà tó máa dà yín láàmú bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n ṣáájú. Lẹ́tà bíi "ọ́" kò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode, òǹkà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Ẹnì kan lè tẹ "ọ" kó fi àmì òkè lé e, ẹlòmíràn lè tẹ "ó" kó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ọ̀kan náà ni lójú wa, kọ̀ǹpútà sì rí i bí ohun méjì tó yàtọ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ irú méjì bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan, kí ẹ tó fi wéra. ROS pàápàá kò gba lẹ́tà alámì nínú orúkọ, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ "lo_si" lókè báyẹn. Ní ti ohùn tí róbọ́ọ̀tì máa fi dáhùn, ẹ má wulẹ̀ fi ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ da ara yín láàmú. Gbólóhùn tó nílò kò pọ̀: "Mo ti gbọ́," "N kò rí i," "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún díẹ̀." Kí ọmọ kan tó ní ohùn tó ṣe kedere gbà wọ́n sílẹ̀. Á dùn ún gbọ́ ju ohùn ẹ̀rọ lọ, àmì ohùn rẹ̀ á sì pé.

Láìsí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Módẹ́ẹ̀lì páràmítà bílíọ̀nù 7 tàbí 8 tí wọ́n ti fún pọ̀ sí bíìtì 4 ń gba nǹkan bíi gígábáìtì 4 sí 5, láptọ́ọ̀pù onígígábáìtì 16 sì lè fi Ollama tàbí llama.cpp gbé e. Á falẹ̀, ṣùgbọ́n yíyan iṣẹ́ ni ẹ ń fi í ṣe, ẹsẹ̀ kò dúró dè é. Ní ìparí 2024, NVIDIA gbé pátákó kọ̀ǹpútà kékeré Jetson Orin Nano Super jáde ní 249 dọ́là. Gígábáìtì 8 ló ní, torí náà módẹ́ẹ̀lì tó kéré sí i ni ẹ máa fi sí i tí kámẹ́rà bá tún fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ wo ìwé àṣẹ kí ẹ tó pe nǹkan ní ọ̀fẹ́. Llama, módẹ́ẹ̀lì èdè ti Meta, ṣeé dáńlóòdù, ṣùgbọ́n ó ní àwọn òfin tirẹ̀. MMS tí mo dárúkọ kò fàyè gba lílò fún òwò. Àwọn módẹ́ẹ̀lì èdè Mistral 7B àti Qwen2.5 7B wà lábẹ́ ìwé àṣẹ Apache 2.0, èyí tó fún yín lómìnira jù.

Ọ̀rọ̀ ààbò, n kò ní fi ṣeré. Ní 2024, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Pennsylvania fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn nìkan mú kí róbọ́ọ̀tì mẹ́ta tí módẹ́ẹ̀lì èdè ń darí, tí ajá Go2 ti Unitree wà nínú wọn, gbà láti ṣe ohun tí wọ́n ti kọ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n dánwò ló ṣiṣẹ́. Ìdí mìíràn nìyẹn tí aṣọ́nà kò fi gbọdọ̀ jẹ́ módẹ́ẹ̀lì: ẹ kò lè fi ọ̀rọ̀ dídùn tan kóòdù tó ń wọn ìyára. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, àwọn ẹlòmíràn tún fi hàn pé èèyàn lè gba Bluetooth wọlé gba àkóso àwọn róbọ́ọ̀tì Unitree kan, G1 sì wà lára wọn. Nínú kíláàsì yín gan-an, ewu tó sún mọ́ jù ni ROS 2 fúnra rẹ̀. Láìjẹ́ pé ẹ ṣètò ààbò, kọ̀ǹpútà èyíkéyìí tó bá wà lórí Wi-Fi kan náà, tí ROS_DOMAIN_ID rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń ya ẹgbẹ́ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn) sì bá ti róbọ́ọ̀tì mu, lè pàṣẹ fún un. Òǹkà 0 sì ni gbogbo wọn ń bá bọ̀ láti ilé. Ọmọ kan tó ń dán kóòdù rẹ̀ wò ní ìdí yàrá lè mú kí róbọ́ọ̀tì tó wà níwájú gbéra láìmọ̀. Ẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹ sì fi róbọ́ọ̀tì gidi sórí Wi-Fi tó dá dúró. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó di bọ́tìnì ìdádúró mú lọ.

Ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ni MuJoCo, sọ́fútúwià àfarawé tí Google DeepMind rà ní 2021, tí wọ́n sì ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ ní 2022. Kò nílò káàdì àwòrán olówó ńlá. Nínú àkójọ kan tó ń jẹ́ MuJoCo Menagerie, ẹ ó rí ẹ̀dà G1 àti H1, róbọ́ọ̀tì Unitree mìíràn, pẹ̀lú gbogbo oríkèé wọn, lọ́fẹ̀ẹ́. Kí àwọn ọmọ kọ lo_si àti duro níbẹ̀, kí wọ́n kọ aṣọ́nà, kí wọ́n so módẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn, kí wọ́n sì wò ó tó ń ṣubú lórí kọ̀ǹpútà níbi tí ìṣubú kò náni ní kọ́bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọwọ́ róbọ́ọ̀tì SO-101 tí LeRobot ń lò, tí iye rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti bíi 100 dọ́là nígbà tó jáde ní 2025. Ara rẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ bí mímú ike ṣe le tó.

Gbogbo èyí ni kí ẹ ṣe kó tó di pé ẹ ronú kan G1. 16,000 dọ́là ni Unitree fi kéde ẹ̀dà tó rọjú jù lọ ní 2024, owó ọkọ̀ òfuurufú àti kọ́sítọ́ọ̀mù kò sí nínú ìyẹn. Kìlógíráàmù 35 ló wọ̀n, bátìrì rẹ̀ ń gbé e fún bíi wákàtí méjì. Èyí tó ń dun èèyàn jù ni pé ẹ̀dà tó rọjú yẹn kò gba kóòdù yín rárá. Rímóòtù ni wọ́n fi ń darí rẹ̀. Ẹ̀dà tí wọ́n ń pè ní EDU ló ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó ń kọ kóòdù, ó sì wọ́n ju ìyẹn lọ dáadáa. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta G1 fún yín, tàbí tí olóore kan bá fẹ́ fi ta ilé ẹ̀kọ́ lọ́rẹ, kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀dà náà sórí ìwé kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.